Mo ti yege ìdánwò agbẹ̀bí, àmọ́ orúkọ mi kò bára mu: báwo ni mo ṣe máa gba ìwé àṣẹ?

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ̀yin màmá àti ẹ̀gbọ́n wa lẹ́nu iṣẹ́, mo kí yín o. Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, èsì ìdánwò Kánsù (àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ ní Nàìjíríà) sì ti jáde, mo yege. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní.

Orúkọ bàbá mi ló wà lórí WAEC, òun náà ni ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ sí Kánsù nígbà ìndẹ́síǹgì, ìyẹn nígbà tí wọ́n forúkọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí NIN. Ìkànnì Kánsù kò gbà á. Èwo ni kí n yí padà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, "Folashade" ni NIN kọ, "Folasade" ni WAEC kọ.

Ìkejì, ìyá kan tó ní ilé ìgbẹ̀bí lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dè fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní sífíkéètì tí àjọ ìṣègùn ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn, tí àwọn gbé kọ́ ara ògiri, bo gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìkẹta, ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé kò lè gbé mi dúró ná?

Agbẹ̀bí Ẹ̀pẹ́

Àbúrò, o kú oríire. Ìbéèrè kẹta ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè kó ọ sí wàhálà jù. Rárá, kò lè gbé ọ dúró. Ọ̀tọ̀ ni ìwé tí Kánsù ń kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sí, ọ̀tọ̀ ni ti agbẹ̀bí. Ẹni tó jẹ́ RN (nọ́ọ̀sì tó ti forúkọ sílẹ̀) nìkan, nọ́ọ̀sì ni. Ìgbà tí orúkọ rẹ bá wọ ìwé àwọn agbẹ̀bí, tí nọ́ńbà RM rẹ (ti agbẹ̀bí tó ti forúkọ sílẹ̀) jáde, tí ìwé àṣẹ sì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìgbà náà lo tó lè fọwọ́ sí ìwé ìbímọ gẹ́gẹ́ bí agbẹ̀bí. Yíyege ìdánwò kọ́ ni ìforúkọsílẹ̀ o, ìforúkọsílẹ̀ kọ́ sì ni ìwé àṣẹ. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kì í yí padà. Ọdún 3 péré ni ìwé àṣẹ ń lò. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé sífíkéètì ìforúkọsílẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wáṣẹ́, tí ó sì ń yà wọ́n lẹ́nu pé wọ́n dá wọn padà.

Ó kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, má pò wọ́n pọ̀.

"Folasade" àti "Folashade", orúkọ kan náà ni. Ṣ wa tí kò sí lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ló fà á: akọ̀wé kan á kọ S, èkejì á kọ Sh. Kì í ṣe ìyípadà orúkọ, nítorí náà má ṣe ìwé ìyípadà orúkọ fún un. Lọ sí kóòtù gíga ní Ìkòròdú, kí o búra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Kí wọ́n kọ ọ̀nà méjèèjì sínú ìwé ìbúra náà lẹ́tà sí lẹ́tà, bó ṣe wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dárúkọ ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Bí wọ́n bá kàn kọ "orúkọ mi ní àṣìṣe", kò wúlò, torí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ní mọ èwo ló jẹ́ àṣìṣe.

Orúkọ ọkọ, ìyípadà gidi nìyẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o jẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lórúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́, torí orúkọ yẹn ni wọ́n máa fi wá ọ láàárín àwọn tó yege. Lẹ́yìn náà ni kí o wá bẹ Kánsù kí wọ́n yí i sí ti ọkọ, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde inú ìwé ìròyìn. Odindi ojú ìwé ìròyìn náà ni kí o tọ́jú. Àwọn kan á fi sáàsì gé ìkéde kékeré yẹn nìkan, déètì á sì bá ojú ìwé lọ.

Bí ìkànnì kò bá gbà kí o kọjá láìjẹ́ pé NIN bára mu, NIN ni kí o tún ṣe lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, kì í ṣe WAEC. Ẹ̀yìn tí àtúnṣe náà bá ti hàn lórí ìwé NIN tí o tẹ̀ jáde ni kí o padà sórí ìkànnì. Bí o bá gbìyànjú ṣáájú, orúkọ àtijọ́ ni yóò ṣì máa gbé wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbádárìgì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó kún un, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Remita, ìkànnì ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni a fi ń sanwó fún Kánsù. Bí o bá ti yan ohun tí o fẹ́ san fún, ìkànnì á fún ọ ní RRR, nọ́ńbà ìsanwó tó ní òǹkà 12. Wo ohun tó wà lórí rẹ̀ kí o tó lọ sí báńkì: orúkọ rẹ, àti pé "midwife" ló kọ, kì í ṣe "nurse". Ìwọ tí o ti ní ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ gan-an lo ti lè ṣìnà, torí o lè tẹ ìtúnṣe RN níbi tó yẹ kí o tẹ ìforúkọsílẹ̀ RM. Gbígba owó náà padà kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí o bá sanwó tán, tí ìkànnì sì ṣì ń sọ pé o kò tíì san, má san ẹ̀ẹ̀kejì. Lọ wo RRR náà lórí Remita fúnra rẹ̀. Bó bá ti hàn níbẹ̀ pé owó ti wọlé, Kánsù ni kí o kọ̀wé sí pẹ̀lú rìsíìtì.

Má jẹ́ kí ọmọ káfẹ́ fi nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì tirẹ̀ ṣí àkáǹtì fún ọ. Lẹ́yìn ọdún 3 tí o bá fẹ́ tún ìwé àṣẹ gbà, ọwọ́ rẹ̀ ni ìlànà ìwọlé máa wà, ó sì lè ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Nípa ìtúnṣe yẹn, ẹ̀kọ́ MCPDP, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún tó pọn dandan fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ni Kánsù máa béèrè. Ṣe é nígbà tí ìwé àṣẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, má dúró di oṣù tó kẹ́yìn. Kí o tó sanwó fún ẹ̀kọ́ kankan, béèrè bóyá Kánsù fọwọ́ sí àwọn tó ń ṣe é; sífíkéètì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wuyì tí Kánsù kò mọ̀, ìwé lásán ni.

Fún àwọn tó ń ka èyí lọ́dọ̀ wa níbí, tó jẹ́ Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́: àwa tí à ń gbé nítòsí Sẹ̀mẹ̀ máa ń rò pé ìlú kan náà ni. Òkè òkun ni lójú Kánsù. Àjọ tó fún yín níwèé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí yín fún Kánsù, ìwé tó bá sì wà ní èdè Faransé gbọ́dọ̀ di Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ atúmọ̀ tó lóǹtẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìwé òdìkejì ààlà.

Ìyá Ìmọ̀tà

Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ìyá Ìjẹ̀dè. Òótọ́ ni pé àjọ ìṣègùn ìbílẹ̀ ń forúkọ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ sílẹ̀, ó sì dáa kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé yẹn nìkan ló ni ín, agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ló sì sọ pé ó jẹ́. Kò lè sọ ọ́ di agbẹ̀bí Kánsù, kò sì lè sọ ilé náà di ilé ìwòsàn. Ilé tí nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Kánsù ti ń gbẹ̀bí, tí wọ́n ti ń fabẹ́rẹ́, HEFAMAA, àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò, ló ń fún un ní ìwé ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kánsù ló ni èèyàn, HEFAMAA ló ni ilé. Tó o bá débẹ̀, sọ pé kí wọ́n fi ìwé HEFAMAA ti ọdún yìí hàn ọ́, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe.

Bó bá tilẹ̀ ní ìwé, ṣí fíríìjì wọn wò kí o tó gba iṣẹ́. Mi ò fi èyí ṣeré o. Oxytocin ni abẹ́rẹ́ tí o máa fún obìnrin láàárín ìṣẹ́jú kan tí ọmọ bá ti jáde kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà jù, yúnìtì 10 sínú iṣan itan, lẹ́yìn tí o bá ti fọwọ́ kan ikùn pé kò sí ọmọ kejì. Inú òtútù 2°C sí 8°C ló gbọ́dọ̀ wà. Ìwọ náà mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Ìkòròdú. Abẹ́rẹ́ tó ti jókòó nínú ooru kì í yí àwọ̀, omi funfun kan náà ni o máa fà sínú síríńjì, o ó kọ ọ́ sínú ìwé pé o ti fún un, ilé ọmọ kò sì ní le lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Bí tẹmómítà kò bá sí nínú fíríìjì, bí oxytocin bá wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mínírà, bí kò bá sí kúlà àti ike omi dídì fún ìgbà tí iná bá lọ, máa lọ sílé. Ike omi dídì náà kò gbọ́dọ̀ kan ìgò abẹ́rẹ́, aṣọ ni kí ó wà láàárín wọn, torí dídì náà ń bà á jẹ́. Kí misoprostol, oògùn oníhóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, sì wà nítòsí, máíkírógíráàmù 600 ní gbígbé mì, fún ọjọ́ tí kò bá sí oxytocin tó ṣeé gbára lé.

Lẹ́yìn náà, béèrè ibi tí wọ́n ń gbé aláboyún lọ bí ọ̀rọ̀ bá le, àti ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé e lóru. Láti ọ̀nà Ìjẹ̀dè dé ilé ìwòsàn ìjọba Ìkòròdú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í dúró de ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin màmá. Màá dá ìyá náà lóhùn pé kí wọ́n ní sùúrù. Ọ̀kan ló kù: ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ Ìlú Ọba. Ṣé mo lè bẹ Kánsù kí wọ́n fi ìjẹ́rìí mi, ìyẹn ẹ̀rí pé mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ránṣẹ́ síbẹ̀ bí RM bá ti jáde?

Agbẹ̀bí Ẹ̀pẹ́

Kò tíì yá. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ni Kánsù ti ń béèrè pé kí ẹni tó fẹ́ ìjẹ́rìí lọ sókè òkun ti ṣiṣẹ́ ọdún 2 ó kéré tán lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ibi tó máa lè kọ̀wé pé o ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀, ni kí o wá. Gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó wà lórí ìwé àṣẹ rẹ, lẹ́tà sí lẹ́tà, S tàbí Sh.