Ọ̀rọ̀ ìrántí télọ̀ ọmọ ọdún 26: kí la máa kọ, kí la máa yọ?

Ọmọ Pákátà:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Télọ̀ kan ládùúgbò wa ní Ìlọrin ló ṣaláìsí, ọmọ ọdún 26. Sátidé ni àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àáfà sì fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ìṣẹ́jú 5. Èyí tí a kọ́kọ́ kọ kún fún "oníwà tútù, olóòótọ́, ọmọlúàbí". Nígbà tí a kà á tán, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn là ń sọ. Ìyá rẹ̀ á wà níjokòó o. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Télọ̀ Ọjà-Ọba:
Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀. Ìwà lẹ kọ, ẹ ò kọ ìṣe. Ẹ lọ bá èèyàn márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, oníbàárà kan, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra, àti àbúrò rẹ̀ kan. Ẹ má bi wọ́n pé "irú èèyàn wo ni?", ìyìn yẹn náà ni wọ́n máa tún kà. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣe nígbà tí iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó máa ń ṣe sí aṣọ tó ṣẹ́ kù. Bí oníbàárà bá gbé yáàdì 5 wá, tí bùbá àti ṣòkòtò gba 4, ibo ni ọ̀kan yòókù wọlé sí? Tó bá jẹ́ pé ó máa ń ká a mọ́ aṣọ tó rán ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pa "olóòótọ́" rẹ́.

Ẹ fi àléébù kékeré kan sí i, bóyá ó máa ń yẹ ọjọ́ aṣọ ọdún. Télọ̀ wo ni kì í yẹ̀ ẹ́? Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ohun tó pa á, ẹ má sì mẹ́nu kan gbèsè. Kí ẹbí kéde ẹni tí olówó àti oníbàárà máa lọ bá, lẹ́yìn àdúrà. Ẹ sì wá ìwé tó ń kọ ìwọ̀n sí kí wọ́n tó palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ aṣọ tó jẹ́ ti ta.

Ìyá Ìgbómìnà:
Oríkì ńkọ́? Àlàó ni o, Àjàní ni o, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan péré, níparí. Bí ẹ bá ń ki í lọ lójú ìyá rẹ̀, ẹkún ló máa gba ìyókù. Ti orílẹ̀, ẹ bi ọmọ-osú àgbà nílé bàbá rẹ̀. Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Nupe, gbogbo wọn ló wà n'Ílọrin. Bí bàbá rẹ̀ bá wá láti Ọ̀fà, ìjàkadì lorò tiwọn, "ẹṣin leégún ilé wọn" tí a fi ń ki Ìlọrin kò bá a mu. Kí Àáfà sì gbọ́ ọ ṣáájú, torí oríkì tó bá dárúkọ òrìṣà lè dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ nìyí. Àgbà ló ń "pa ipò dà". Ẹ ní "ó ṣaláìsí" tàbí "ó fi wá sílẹ̀". Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí òbí rẹ̀ ní "ẹ kú ìnáwó".

Ọmọ Ọ̀fà:
Kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 400 lọ, torí "àmín" á máa dá yín dúró. Kí ẹnì kejì mú ẹ̀dà kan dání, bí ohùn ẹni tó ń kà á bá há. Àwòrán àti ohùn rẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ yáa fi pa mọ́ síbòmíràn. Wákàtí 24 ni status ń lò, àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá sì lò fún ọjọ́ 120, wọ́n máa ń pa á rẹ́.

Ọmọ Pákátà:
Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní kì í gbowó síìpù lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.