Ìyókù kọ́, èyí tó fọ́n ká ni

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń kọ̀wé.

Mo ti ka àbá mẹ́rin tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún gáàsì gbígbóná tó máa ń tàn ká lójú ọ̀run nígbà tí ìràwọ̀ bá bú gbàmù, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní rémanent. Bàbá wa ní Àjàṣẹ́ ní kí a pè é ní "ìyókù ìràwọ̀", torí ohun tí ọ̀rọ̀ Faransé yẹn wí náà nìyẹn. Àbúrò wa obìnrin ní Ṣábẹ̀ẹ́ fẹ́ "òkú ìràwọ̀". Ẹnì kan ní ká yá ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lò, supernova, kí gbogbo wa sùn. Kò burú, àmọ́ àwa tí a fi Faransé kàwé yóò máa pè é ní sipẹnófà, àwọn ará wa lódìkejì ẹnubodè yóò máa pè é ní sùpánófà, a ó sì tún padà síbí wá jà. Ẹni kẹrin wo "àjẹkù" àti "àlòkù", ó ní ohun tó bú tó sì kù, "àbúkù" ló yẹ kó jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi béèrè ohun tó ṣe mí. Ìràwọ̀ wo ló ṣẹ̀ wá tí a ó fi fi àbúkù kàn án?

Ti bàbá ló wọ̀ mí lára jù. Mo ti ń lò ó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá. Àfi ohun tí mo rí lọ́nà ọjà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Sẹ́mìjáàn kan, ọ̀kadà tiwa níbí, gbé obìnrin kan àti àpò ẹ̀lùbọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ yà fún ewúrẹ́, àpò já bọ́, ó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀lùbọ́ sì tú jáde gbùù. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó ti tẹ́ sórí ilẹ̀ pupa wa yẹn ní róbótó. Obìnrin náà ṣépè díẹ̀ fún ọlọ́kadà, ó yá ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a jọ. Bó ṣe ń gbá a ni òkìtì ń ga, títí ó fi pọ̀ ju ohun tó dà lọ, torí iyanrìn ti wọ inú rẹ̀, kódà iyanrìn ló pọ̀ jù. Èmi, pẹ̀lú ẹnu tíṣà tí kì í sinmi, mo ní, "Ìyá, ìyókù rẹ̀ rèé?" Ó wò mí bí ẹni tí kò jẹ àmàlà rí. Ó ní, "Ìyókù wà nínú àpò. Èyí tó fọ́n ká nìyí."

Bàbá, ẹ má bínú, obìnrin yẹn ti dá ẹjọ́ náà.

Ẹ wo ọ̀kan nínú irú gáàsì yìí, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ akàn (Crab Nebula). Lọ́dún 1054 ni àwọn ará Ṣáínà rí ìràwọ̀ náà nígbà tó bú. Odindi ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi ń rí i lọ́sàn-án gangan. Ó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi 6,500 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Gáàsì tó dà jáde níbẹ̀ ṣì ń sá lọ títí dòní, nǹkan bíi 1,500 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ láàárín gbùngbùn rẹ̀, ohun kékeré kan jókòó tí ìbú rẹ̀ kò ju ìlú kan lọ, nǹkan bí 20 kìlómítà, tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, tó sì ń ṣẹ́jú sí wa bó ṣe ń yí. (Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mi ò lè gbé ìyẹn mì.) Èyí tó jókòó yẹn ni ìyókù. Òun náà ni òkú, bí a bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń sá lọ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i lórí ìràwọ̀ tí Tycho rí lọ́dún 1572 àti èyí tí Kepler rí lọ́dún 1604, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ayé àtijọ́ méjì. Ìràwọ̀ wọ̀nyẹn fà ya pátápátá, àpò pàápàá kò ṣẹ́kù. Ẹ wá òkú dé àárín, ẹ ò ní bá a. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì wọn wà níbẹ̀ tí à ń fi ẹ̀rọ wò. Tycho tiẹ̀ ṣe bí ìràwọ̀ tuntun ni, ibẹ̀ ni "nófà" ti wá, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí tuntun. Ìràwọ̀ tó ń kú lọ ni wọ́n ń kí káàbọ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa túmọ̀ rẹ̀ sí "ìràwọ̀ tuntun". "Ìbúgbàmù ìràwọ̀" ti tó fún wa.

Mo ń padà bọ̀ sórí iyanrìn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún bíi mélòó kan àkọ́kọ́, ohun tó tinú ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ wá ló pọ̀ jù nínú gáàsì yẹn. Àmọ́ bó ṣe ń gbòòrò ló ń gbá gáàsì tútù tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ mìíràn níwájú, ó ń mú un gbóná, ó ń mú un tàn. Tó bá pẹ́, èyí tó gbá jọ á pọ̀ ju èyí tó gbé wá láti ilé. Ọ̀kan wà lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Cygnus tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún. Bí ojú lásán bá lè rí i dáadáa ni, ìbú rẹ̀ lójú ọ̀run á tó òṣùpá mẹ́fà tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń tàn níbẹ̀ kò sí lára ìràwọ̀ náà rí kó tó bú. Ìyókù ta wá ni?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. "Àlàpà ìràwọ̀" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé wá. Ọmọ Kétu ni mí. Lọ́dún 1886 ni ogun Dàhómè pa ìlú yìí run, tí àwọn baba wa fi padà wá kọ́ ọ láti orí àlàpà lẹ́yìn tí agbára Dàhómè ti ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu wa. Àmọ́ ibi tí àlàpà bá wó sí ló máa ń wà, òjò á sì máa jẹ ẹ́ títí á fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Ohun tí à ń sọ yìí ń tóbi sí i lọ́dọọdún: fọ́tò èyí tó wà lápá ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Cassiopeia tí wọ́n yà ní ọdún díẹ̀ síra, bí ẹ bá tò wọ́n, ẹ ó rí i pé ó ti kúrò níbi tó wà. Mo fi àlàpà sílẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀.

Ẹ má fi "iná" tàbí "ìmọ́lẹ̀" sínú orúkọ náà o. Ìràwọ̀ kan bú ní Andromeda, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ aládùúgbò wa, lọ́dún 1885. Nígbà tí wọ́n rí gáàsì rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àmì dúdú kékeré ló jẹ́: irin inú rẹ̀ ló ń dí ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan bí 300 la ti mọ̀ nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa nìkan. Orúkọ tí a bá yàn gbọ́dọ̀ bá gbogbo wọn mu, títí dé èyí tí ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kejì ọdún 1987 láti Ìkúukùu Ńlá Magellan, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kékeré kan nítòsí tiwa. Ìkúukùu náà máa ń yọ díẹ̀ lápá gúúsù láti Kétu níbí lóru ìparí ọdún, bí ọyẹ́ kò bá bò ó.

Nítorí náà, "àfọ́nká ìràwọ̀" ni mo mú wá. Fọ́n náà ni à ń fọ́n irúgbìn, irú ìràwọ̀ báyìí ló sì fọ́n irin inú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹni tí kò bá fi àmì sí i lè kà á bí ẹni ń fọn fèrè. Ẹ̀bi ìka rẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, má sọ "òkú ìràwọ̀" nù. Èyí tó ń ṣẹ́jú láàárín akàn ló yẹ. Àmọ́ ìràwọ̀ kékeré tí kò bú rárá náà ń fi òkú sílẹ̀, èyí tó rọra kú sórí ibùsùn rẹ̀. A kò lè fi orúkọ kan pe òkú méjèèjì. Èwo lo fẹ́ fún?