Ṣé T-square ni èyí?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìràwọ̀ kà. (T-square ni kí ìràwọ̀ méjì kọjú síra ní ìwọ̀n 180, kí ẹ̀kẹta wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 90 sí méjèèjì.) Ẹnì kan tí wọ́n bí l'Adó-Èkìtì: Òṣùpá wà ní ìwọ̀n 4 Aries (ọ̀kan nínú àmì ìràwọ̀ 12, ìwọ̀n 30 ni ìkọ̀ọ̀kan), Saturn ní 7 Libra. Wọ́n kọjú síra, ìwọ̀n 3 péré ló kù kó pé 180. Mars wà ní 13 Cancer: ìwọ̀n 99 sí Òṣùpá, 84 sí Saturn. Ṣé ẹ ó kà á sí T-square, àbí àlàfo 9 sí 90 ti pọ̀ jù? Lójú tèmi, 8 ló yẹ kó mọ.

Ìyá ẹ̀ ní "àfẹ̀mọ́júmọ́" ni wọ́n bí i, kò mọ aago gan-an, bẹ́ẹ̀ ascendant (ibi tó ń yọ ní ìlà oòrùn nígbà ìbí) ń sún ìwọ̀n 1 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4. (Aago Nàìjíríà, +1 sí GMT, ni mo lò, kì í ṣe 0 tí áàpù gbé wá.) Ṣé kí n kúkú pa àwọn ilé 12 (ìpín àwòrán ìràwọ̀ tí a ń fi ascendant ṣírò) tì?