Àtúnlò àti àtúnrọ kì í ṣe ọ̀kan náà

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kétu ló kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fẹ́ lẹ ìwé ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà, kí ará ìlú lè mọ ohun tí wọn yóò máa ṣe sí pàǹtí inú ilé, kí ààtàn má baà gba ojú títì. Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́: réduire, réutiliser, recycler. Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ èkíní sí "ẹ dín pàǹtí kù," wọ́n sì fi "ẹ tún un lò" túmọ̀ èkejì àti ẹ̀kẹta pa pọ̀, nítorí pé lójú tiwọn ohun kan náà ni méjèèjì. Àbúrò wa ará Ṣábẹ̀ẹ́ dáhùn pé ká pe ẹ̀kẹta ní àtúndá.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ohun méjì ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí.

Bí epo bá tán nínú ìgò, ìyá mi á fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, wọ́n á wá rọ òróró sí i. Ìgò ṣì ni ìgò. Àtúnlò nìyẹn, èyí tí Faransé ń pè ní réutiliser, kò sì sí ẹni tó kọ́ wa. Agolo tòmátì di òṣùwọ̀n gàrí, bìdọ́ọ̀nù epo di ohun ìponmi, ìgò ọtí ń padà sí ilé ọtí nítorí pé owó ìgò wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fọ́ ìgò yẹn túútúú, tó yọ́ ọ nínú iná, tó sì fi ohun tó yọ́ ṣe ìgò mìíràn, ìgò àkọ́kọ́ ti kú. Ohun tí a fi ṣe é ló kù. Recycler nìyẹn. A kò lè sọ pé a tún un lò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni gálọ́ọ̀nù oògùn apakòkòrò. Ẹ wo àgbẹ̀ tó ra oògùn tí wọ́n ń fín sí òwú, tí oògùn tán, tó wá rí i lẹ́nu ọ̀nà ọjà pé "ẹ tún un lò." Á fọ gálọ́ọ̀nù náà, á pọn omi sí i, àwọn ọmọ á mu ún. Irú gálọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tún lò láé, bí ó ti wù ká fọ̀ ọ́ tó. Bó bá wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fọ oró ara rẹ̀ kí wọ́n tó yọ́ ọ, ó lè di páìpù. Recycler lè gbà á, réutiliser kò lè gbà á. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ru ẹrù méjèèjì, omi ìmu ni àṣìṣe náà máa bá wọlé.

Ní ti àtúndá, àbúrò mi, ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n "dá" jẹ mọ́ Ẹlẹ́dàá. Ẹ sì rántí pé Àtúndá ni àwọn kan ń pe ẹrú tó yí òkúta lu Òrìṣàńlá, tí òrìṣà náà fi fọ́ káàkiri, tí àwọn òrìṣà yòókù ti ara rẹ̀ wá. Mi ò fẹ́ ká gbé orúkọ yẹn lé ike omi lórí.

Àtúnrọ ni mo mú wá fún recycler. Ilé àgbẹ̀dẹ ni mo ti mú un. Ọkọ́ tó ti jẹ tán kì í ṣe ìdọ̀tí lójú alágbẹ̀dẹ, á tì í bọ iná, á rọ ọ́ di ọ̀bẹ. Àwọn tó ń ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní: wọ́n á kó ìkòkò tó ti lu, agolo, àti irin ẹ́ńjìnnì tó ti kú jọ, wọ́n á yọ́ wọn, wọ́n á sì dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti tẹ̀ bí ìkòkò. Ooru ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni alumíníọ̀mù fi ń yọ́. Agbára tí wọ́n ń lò láti yọ́ àlòkù kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 èyí tí wọn ì bá lò láti mú tuntun jáde látinú òkúta abẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe nínú èdè wa, kò yẹ ká máa wá òmíràn kiri.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé irin nìkan là ń rọ, a kì í rọ ike, a kì í rọ bébà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú omi la ti kọ́kọ́ ń wa ọkọ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, "wà" gòkè wá sórí ilẹ̀, "ọkọ̀" bá a gòkè, lónìí ọkọ̀ òfúrufú náà ń gba wíwà. Bí "wà" bá lè fò, "rọ" lè kan ike. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀: kí wọ́n má gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé láìsí àmì, àwọn kan á kà á sí àtúnrò.

Èyí tí mo fi ń dán ọ̀rọ̀ méjèèjì wò rọrùn: ṣé nǹkan àkọ́kọ́ ṣì wà? Ẹ wo Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962, tó ń fi bìdọ́ọ̀nù ṣe ìbòjú bíi ti eégún. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní La Bouche du Roi, tí British Museum rà ní 2007, ìbòjú bìdọ́ọ̀nù 304 ló tò bí ẹrú nínú ọkọ̀ òkun. Kò yọ́ ìkankan. Ẹnu bìdọ́ọ̀nù ló di ẹnu ènìyàn, ibi tí à ń dì mú di imú. Bìdọ́ọ̀nù ṣì wà níbẹ̀, gbogbo wa la dá a mọ̀. Àtúnlò ni mo pè é, ó sì jẹ́ àtúnlò tó ga jù lọ tí mo tíì rí.

Ó ku àwọn èyí tí kò sí nínú méjèèjì: èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ẹran. Ìwé Faransé náà fi recycler gbá gbogbo wọn pọ̀. Mi ò ní rọ èèpo iṣu. Ó máa jẹrà, á di ilẹ̀dú. Ẹni tó bá dé Songhaï, ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, á rí ìgbẹ́ ẹran tó ń di gáàsì, á sì rí ìdin tí wọ́n ń sìn fún ẹja láti jẹ. "Jẹrà" yìí náà ló yẹ fún òfin 2017-39 tó ka ọ̀rá kan léèwọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí "ọ̀rá burúkú," oníṣòwò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì béèrè pé èwo ni ọ̀rá rere. "Ọ̀rá tí kì í jẹrà" ni òfin náà sọ.

Ní ti "ẹ dín pàǹtí kù," kò burú, àmọ́ "ẹ má jẹ́ kó di pàǹtí" yé ìyá olọ́jà ju bẹ́ẹ̀ lọ: gbé agbọ̀n rẹ lọ sọ́jà, fi ewé pọ́n ẹ̀kọ.

Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá gbà fún mi, ẹ kọ ọ́ báyìí: Ẹ má jẹ́ kó di pàǹtí. Èyí tó bá ṣì dára, ẹ tún un lò. Èyí tó bá ti bàjẹ́, ẹ kó o fún àtúnrọ. Èyí tó bá ń jẹrà, ẹ jẹ́ kó di ilẹ̀dú. Gálọ́ọ̀nù oògùn, ẹ má pọn omi sí i.

Ọ̀kan ṣì ṣòro fún mi, ìyẹn trier, kíkó oríṣiríṣi pàǹtí sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. "Yà sọ́tọ̀" ni mo ti ń lò, ṣùgbọ́n ó dún bí ẹni ya ènìyàn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Bí a ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ni mo fẹ́ kó dún. Ní Kétu lọ́dọ̀ yín, kí ni àwọn ìyá ń sọ nígbà tí wọ́n bá jókòó ti àtẹ ẹ̀wà?