Bàbá mi ò jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́, ó ní òun kò yẹ. Kí ni kí n sọ fún un?

Olùbéèrè (Kàbbà)

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kún o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Bàbá mi ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Abúlé kan lẹ́yìn Ìsánlú ló ń gbé, àgbà ìjọ sì ni. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ ní kí wọ́n tọ́ka sí olóòótọ́ èèyàn, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ìgbà kan ni wọ́n ṣe ìsọjí, oníwàásù àlejò kan fi Hébérù orí 12 wàásù, pé láìsí ìwà mímọ́ kò sí ẹni tí yóò rí Olúwa. Látìgbà yẹn ni Bàbá ti yí padà. Ààwẹ̀ ni ṣáá, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru! Bí wọ́n bá gbé àwo àkàrà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ìjọ, á kàn mirí ni, á fọwọ́ sún un sí ẹni tó jókòó tì í. Àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbà tí mo lọ kí i ló tó là á fún mi. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wà ní Kàdúná, Bàbá hú pèrègún tí bàbá wọn fi pààlà oko àwọn méjèèjì, ó gbé e lọ sí òdìkejì igi irú, ó wá gbin kájú síbi tó gbà mọ́ tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kú, kò mọ̀. Owó kájú yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi rán wa níléèwé. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí Bàbá panu mọ́, pé ta ni kò ṣẹ̀ rí, pé ìjà ẹbí ló máa dá sílẹ̀ bí àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ bá gbọ́. Bàbá sì ní láti ìgbà ọ̀dọ́ lòun ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Bíbélì, òun lòun tún wá burú jù nínú wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Owé

Ẹ kọ́kọ́ dá ààwẹ̀ yẹn dúró ná. Ẹni tó ń lo oògùn ò gbọ́dọ̀ máa febi pa ara rẹ̀. Ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àdúrà Ńgbà

Ẹ̀yin ò mọ̀ pé ègún ni? Ẹ ka Diutarónómì 27 ẹsẹ 17, ègún ni fún ẹni tó yẹ ààlà ọmọnìkejì rẹ̀. Ẹ gbé Bàbá lọ sórí òkè, ọjọ́ méje gbáko, kí wọ́n fi òróró gé e kúrò.

Ọmọ Owé

@Àdúrà Ńgbà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ààwẹ̀ tán ni o. Ọjọ́ méje wo?

Kòsẹ́nìpípé

Èmi fara mọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Róòmù 3:23, gbogbo ènìyàn ni ó sá ti ṣẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹran ara ni wá. Ohun tó ti pẹ́ tó báyìí, ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Kí Bàbá jẹun rẹ̀, kó gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kó sinmi.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Ìyàrà)

Ọ̀kún, ọmọ mi. Ẹ bá mi kí Bàbá gidigidi.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ dá Kòsẹ́nìpípé lóhùn. Ẹsẹ yẹn kò parí síbi tí ẹ fi í sí. Ẹ ka èyí tó tẹ̀ lé e: a ń dá wa láre lọ́fẹ̀ẹ́ nípa oore-ọ̀fẹ́ rẹ̀, nípasẹ̀ ìdáǹdè tó wà nínú Kristi Jésù. Pọ́ọ̀lù kò kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè rí àwíjàre. Júù tó ń fi òfin yangàn ló ń bá wí níbẹ̀, kó lè mọ̀ pé òun àti kèfèrí, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n jẹ̀bi. Ọdún 1850 ni Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé Róòmù jáde lédè Yorùbá, kó tó di bíṣọ́ọ̀bù. A ti ń kà á tipẹ́ jù ká tún máa ya ìdajì ẹsẹ fi bora.

Ti Bàbá wá kù. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ó gbà pé òun ní òdodo kan tẹ́lẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ló bà á jẹ́. Ẹ rọra bi í pé òdodo ta ni. Nínú Fílípì orí 3, Pọ́ọ̀lù ka gbogbo ohun tó ní: ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì, Farisí, aláìlẹ́gàn ní ti òfin. Ó ní òun kà wọ́n sí òfo, kí wọ́n lè bá òun nínú Kristi láìní òdodo tara òun, bí kò ṣe èyí tó ti ọwọ́ Ọlọ́run wá nípa ìgbàgbọ́. Gbogbo ọdún tí Bàbá fi jẹ́ àgbà ìjọ, bó bá jẹ́ òun ló ń gbé e ró, kò lè gbé e dé ibi kankan, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan pèrègún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ka ìtàn Ábúráhámù fún un, kí ẹ má ṣe kánjú. Jẹ́nẹ́sísì 15 ẹsẹ 6: ó gba Olúwa gbọ́, a sì kà á sí òdodo fún un. Orí 17 ni wọ́n tó kọ ọ́ ní ilà, nítorí náà kì í ṣe ilà ló sọ ọ́ di olódodo. Ẹ wá ṣí orí 20. Ó dé Gérárì, ó tún purọ́ pé àbúrò òun ni Sárà, irọ́ tó ti pa ní Íjíbítì ní orí 12. Ẹni tí wọ́n ti kà sí olódodo ni o! Bó bá jẹ́ ìwà pípé ni wọ́n fi kà á sí i, Gérárì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá parí sí. Síbẹ̀ Ọlọ́run ò gbójú fo irọ́ yẹn. Ọba ìlú náà pè é, ó bá a wí, kò sì ní èsì gidi kan.

Oníwàásù yẹn kò purọ́, Hébérù 12 wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí 10 ìwé kan náà ló sọ pé ọrẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí Jésù rú ló ti sọ àwọn tí a ń sọ di mímọ́ di pípé títí láé. Wọn kì í kà á tó nínú ìsọjí, èmi ò mọ ohun tó fà á.

Ilẹ̀ ńkọ́? Kó dá a padà, kò sí àní-àní. Àmọ́ bó bá ń dá a padà bí ẹni ń san owó ìtanràn fún Ọlọ́run, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. Lọ́la, yóò rántí nǹkan mìíràn tó ṣe lọ́dún gbọ́nhan. Sákéù, agbowó orí inú Lúùkù 19, ni kí ẹ fi hàn án. Jésù ti ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó ti sọ pé ilé rẹ̀ lòun máa wọ̀, gbogbo ìlú ti ń kùn, kí ọkùnrin náà tó la ẹnu sọ pé òun á san ohun tóun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Pé àbúrò Bàbá ti kú kò sì dí i lọ́wọ́. Númérì 5 ẹsẹ 8 ti rí irú rẹ̀ ṣáájú: ìbátan ẹni tí a ṣẹ̀ ni kí a san án fún.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbẹ̀ níbí, níbi tí míṣọ́nnárì Titcombe ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ní 1908, títí dòní a ṣì ní àwọn tó rò pé ẹni tí kò ní àbààwọ́n ni tábìlì Olúwa wà fún. 1 Kọ́ríńtì 11 ní kí èèyàn wádìí ara rẹ̀, *kí ó sì jẹ*. Kò ní kó wádìí ara rẹ̀ kó wá padà sílé.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín: Mátíù 5 ní bí o bá rántí níbi pẹpẹ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, fi ẹ̀bùn rẹ sílẹ̀, kó o kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Àbí ọ̀nà Bàbá ló tọ́ tó fi ń sún àwo?

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Ìyàrà)

Ìbéèrè tó dáa. Mátíù ní kó lọ, kó sì *padà wá*. Bàbá kò tíì lọ, kò sì padà wá. Ó jókòó ni.

Olùbéèrè (Kàbbà)

Ẹ kú àdúrótì. Mo pe Bàbá lórí fóònù, mo ka Jẹ́nẹ́sísì 20 fún un gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe wí. Ó dákẹ́, ó ní kí n tún un kà. Ó wá ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tó pa irọ́ yìí, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ látìgbà ìsọjí yẹn. Ó ti jẹun lówùúrọ̀ yìí, ìyàwó àbúrò mi jẹ́rìí sí i. Ó ní òun máa bá ọmọ àbúrò òun sọ̀rọ̀, kí n wá tẹ̀ lé òun lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí báyìí.

Màmá Ẹlẹ́pà (Ìsánlú)

Má ṣe jẹ́ kó dá lọ o. Olórí ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àgbà kan ní ìdílé ìyá wọn. Pásítọ̀ lè wà níbẹ̀, àmọ́ kó má ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kí ẹ dé ojú ilẹ̀ náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín tọwọ́ bọ̀ ọ́, títí kan àwọn ọmọ ẹbí tí kò sí nílé. Bí ọmọ àbúrò rẹ̀ bá bínú, ẹ fún un láyè kó bínú. Òun náà ní ẹ̀tọ́.

Kájú tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti sọ tìyẹn? Ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà jù.

Olùbéèrè (Kàbbà)

Mo bi í. Ó ní kájú ń bá ilẹ̀ lọ. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì fèsì, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti ka ọ̀rọ̀ náà.