Ìjì òkòtó, kì í ṣe ààjà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ìtumọ̀ ìkéde ààbò nípa tornado, ìjì líle tó ń yí bírí, tí ẹ fẹ́ pín fún àwọn Yorùbá tó wà ní Texas àti Oklahoma: "Bí ẹ bá gbọ́ ariwo bíi ti ọkọ̀ ojú irin, ààjà ń bọ̀, ẹ sá pamọ́." Ọ̀rọ̀ méjì ni kò gún régé níbẹ̀.

Ààjà tí àwa mọ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jà, nínú oòrùn ganrínganrín. Ilẹ̀ ló ti ń dìde, á gbé eruku àti ewé gbígbẹ sókè, kò ní pẹ́ tú ká. Inú òjò alágbára tó ń sán àrá ni tornado ti ń jáde ní tirẹ̀. Èyí tó ja Joplin ní Missouri ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2011 pa èèyàn tó lé ní 150. Àti pé, bí ẹ bá sọ fún ìyá àgbà pé ààjà ń bọ̀, ẹni tí ààjà gbé lọ tó padà wá di oníṣègùn ni yóò rántí. Ta ni yóò sá fún ìyẹn?

Ìjì òkòtó ni mo fara mọ́. Ẹsẹ̀ kan ni òkòtó fi ń pòòyì rányinrányin: òkè rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, bó ṣe ń yí ló ń rìn. Ẹni tó ti ta òkòtó rí kò nílò àwòrán.

"Ariwo" ló ká mi lára jù. Ẹnu èèyàn ni ariwo sábà ń ti wá: ariwo ọjà, ariwo ìjà. Lóòótọ́, a máa ń pe ti jẹnẹrétọ̀ náà ní ariwo, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ariwo ti mọ́ wa lára, fèrèsé la máa ń tì sí i. Ohun tí àwọn tó la ìjì yìí já ń ròyìn ni ìró tó ń kù láìdáwọ́ dúró. Àrá á sán, á dákẹ́. Rélùwéè akẹ́rù á kọjá lọ. Ti ìjì yìí, ṣe ni yóò máa ga sí i. A sì ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀: òjò ń kù, ìjì ń kù yìì. (Ẹ fi àmì sí i dáadáa o, kí kíkù má lọ di kíkú.)

Fèrè ìkìlọ̀ tí ìlú máa ń fọn bí ìjì yìí bá ń bọ̀ náà ti di ariwo ojoojúmọ́. Ní Oklahoma City, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń dán an wò. Ní Joplin, fèrè ti dún ní ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú kí ìjì tó balẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn náà rí i pé ọ̀pọ̀ ará ìlú kò kọ́kọ́ kà á sí, torí ó ti dún láìmọye ìgbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ pè é ní "fèrè ìjì", kí ẹni tó bá gbọ́ mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fọn ọ́n.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí: "Bí ẹ bá gbọ́ tí ìjì ń kù yìì láìdákẹ́, bíi rélùwéè akẹ́rù tí kò kọjá tán, ìjì òkòtó ti dé. Ẹ wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wọ yàrá àárín ilé tí kò ní fèrèsé, nísàlẹ̀ pátápátá."

Ẹni tó bá ní èyí tó mọ́yán lórí ju òkòtó lọ, kó mú un wá. Ààjà nìkan ni n kò gbà.