Ewé àti egbò wo ló dára fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú?

Olóko Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ 9 ni mo já lẹ́nu ọmú nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 28. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí ìgbẹ́ gbuuru fi bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì sáré sídìí oúnjẹ mọ́. Mi ò fẹ́ máa da oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) sóúnjẹ wọn lójoojúmọ́. Kí lẹ ń lò?

Ìyá Olóko: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Atalẹ̀ ni tèmi. Gé e pẹlẹbẹ, kí o sá a síbi òjìji. Má sá a sóòrùn gangan, òórùn rẹ̀ á fò lọ, inú òórùn yẹn sì lagbára rẹ̀ wà. Lọ̀ ọ́ kúnná, kí o po gíráàmù 5 mọ́ kílò oúnjẹ kan. Bu oúnjẹ náà sọ́wọ́, gbé e símú: bó bá ta ọ́ nímú, ó ti pọ̀ jù, wọn á kọ̀ ọ́.

Àgbà Ọ̀sìn: Òótọ́ nìyá sọ. Ewé efinrin gbígbẹ náà dáa. Aáyù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Bó bá pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára tẹ́lẹ̀, torí iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú wàrà ìyá wọn kò tó. Ṣé ẹ gún wọn lábẹ́rẹ́ iron lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́? Kò séwé tó lè rọ́pò ìyẹn.

Olóko Tuntun: Mo gún wọn, sà.

Ọ̀rẹ́ Ẹran: Ó dáa tẹ́ ẹ sá fún oògùn ojoojúmọ́. Láti 2006 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de dída á sóúnjẹ láti fi mú ẹran dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ewé wà fún èyí tára rẹ̀ le. Èyí tó ń yàgbẹ́ lọ́wọ́, omi ló kọ́kọ́ nílò, omi tí a po iyọ̀ àti glucose fún ẹran sí, àti ibùsùn gbígbẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fìka méjì fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Bí kò bá padà sílẹ̀ kíá, omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ pe dókítà ẹranko lónìí.

Lórí àwọn ọmọ tí ẹlẹ́dẹ̀ yín máa bí lẹ́yìn èyí, ẹ pín wọn sọ́nà méjì, kẹ́ ẹ fún ìdajì ní atalẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ ìjálẹ́nu ọmú àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Olóko Tuntun: Mo ti fa awọ wọn. Ti méjì dúró sókè gan-an. Mo ń pe dókítà lọ báyìí.